Ilẹ̀ Mì, A Sáré Jáde: Ǹjẹ́ A Ṣe É Bó Ṣe Yẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìlú Newark ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì ń ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2024, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, mo ti sùn lọ. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ṣakí, tí orúnkún ti ń dùn tẹ́lẹ̀, ń ro àmàlà lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sì ń ṣeré nílẹ̀ níbẹ̀. Màmá ní òun kọ́kọ́ gbọ́ ariwo kan, òun sì ń béèrè pé ta ló ń wọ́ àga lókè yẹn, kó tó di pé àwo àti ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu ara wọn, tí gbogbo ilé sì ń gbọ̀n. Mo fò dìde, mo gbé ọmọ, mo fa Màmá lọ́wọ́, a sáré sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta láìwọ bàtà. Orí àtẹ̀gùn ni Màmá ti fi ẹsẹ̀ rọ́. A wá dúró síta, a fara ti ògiri ilé, títí ọkàn wa fi balẹ̀. Màmá ti padà sí Ṣakí báyìí, ó sì ń sọ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí, ní ọdún 2016. Ǹjẹ́ a ṣe é bó ṣe yẹ? Ṣé èyí tó kéré yìí ń kéde ńlá tó ń bọ̀ ni, àbí ó ti gbé ti ńlá lọ? Kí ni kí n sì sọ fún Màmá pé kó ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, ẹ sì bá mi kí Màmá kú ewu ẹsẹ̀. Orí ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi pé ó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àtẹ̀gùn nìkan ló ṣe èèyàn léṣe. Ilẹ̀ mì, ó sì dáwọ́ dúró. Eré tí ẹ sá ló rọ́ Màmá lẹ́sẹ̀. N kò sọ ọ́ láti bá yín wí, torí pé bí ara ẹ̀dá ṣe rí nìyẹn: ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dáyé, tí a fi ń búra, tí a sì ń mulẹ̀ lé lórí, bó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ronú kí orí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí bóyá ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé rárá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì ṣì í ṣe: nígbà tí ẹ sáré, àti nígbà tí ẹ wá fara ti ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 23, àpáta kan yẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní itòsí ìlú Whitehouse Station, nínú ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, níbi tí kò jìn ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ sísàlẹ̀. Ìwọ̀n agbára rẹ̀ jẹ́ 4.8. Láti ibẹ̀ dé Newark lọ́nà tààrà tó bíi kìlómítà 50. Bí àpáta bá yẹ̀ báyẹn, ìgbì oríṣi méjì ló máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilẹ̀. Ọ̀kan yára, ó ń rin bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣe ló ń ti àpáta síwájú tó sì ń fà á sẹ́yìn, bí ohùn ṣe ń ṣe sí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí etí fi máa ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá tàbí tí ẹnì kan ń wọ́ nǹkan wúwo nílẹ̀. Èkejì ń rin bíi kìlómítà 3.5, ó ń ju ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, òun gan-an ló ń mi ilé. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé èyí tó yára ti dé Newark ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 lẹ́yìn tí àpáta yẹ̀, tí èyí tó lágbára sì dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 14. Nígbà tí Màmá ń béèrè ẹni tó ń wọ́ àga lókè, ìgbì àkọ́kọ́ ló gbọ́. Ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá 6 kí àwo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu ara wọn. Ìṣẹ́jú àáyá 6 tó fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe láti wọ abẹ́ tábìlì. Kò tó fún ọ̀dọ́mọdé asáré láti sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, ká má tíì sọ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ yín wà lórí àtẹ̀gùn gan-an nígbà tí ó yẹ kí ẹ ti rí nǹkan dì mú. Mímì tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń fà kì í pẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń sáré nínú rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ tó ń sún kúrò lábẹ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò náà sì ń ti ẹ̀yìn rọ́ bọ̀.

Ibi tí ẹ wá dúró sí ló sì bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín. Nínú ìmìtìtì ilẹ̀ kékeré, ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sábà wó. Ohun tó máa ń já bọ́ ni ohun tí wọ́n tò sórí ilé tàbí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí ojú èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ, etí òrùlé, òkúta ọ̀ṣọ́, gíláàsì fèrèsé, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gbé sójú fèrèsé. Ìta, ní ẹsẹ̀ ògiri, ni púpọ̀ nínú wọn ń já sí. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2008, ilẹ̀ mì ní itòsí Market Rasen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 5.2, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Wombwell wà lórí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ojú èéfín ya wọ inú yàrá láti òkè, ó sì ṣẹ́ egungun ìbàdí rẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Mineral, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, jẹ́ 5.8. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó já òkúta bọ́ láti orí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń pè ní Washington National Cathedral, ó sì sán ara Washington Monument, òpó ìrántí gíga kan, débi pé wọn kò jẹ́ kí àlejò gùn ún mọ́ títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó sáré jáde tó lọ dúró sábẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Bí mímì bá bá yín níta, àárín gbangba ni kí ẹ lọ, kí ẹ jìnnà sí ògiri, sí wáyà iná àti sí igi. Bó bá bá yín nínú irú ilé tí ẹ ń gbé ní Newark, inú ilé ni kí ẹ wà títí yóò fi dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí n wá tún àárọ̀ ọjọ́ náà tò bí ìbá ṣe wù mí kó rí. Màmá gbọ́ ariwo, ó rí omi inú ìkòkò tó ń gbọ̀n. Bí ibi tí wọ́n ti ń pa sítóófù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó pa á. Bí kò bá sí, kó fi í sílẹ̀, kó kọ́kọ́ sún kúrò nídìí iná, torí pé omi gbígbóná tó dà síni lára kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Kó pe ọmọ sábẹ́ tábìlì. Kí ọmọ kúnlẹ̀, kó tẹ orí ba, kó fi ọwọ́ kan bo ẹ̀yìn ọrùn, kó sì fi ọwọ́ kejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ẹ má fojú kéré dídi ẹsẹ̀ tábìlì mú yìí: bí ilẹ̀ bá ń mì gan-an, tábìlì a máa rìn, ẹni tí kò bá sì dì í mú yóò kàn rí i pé tábìlì ti lọ, ó ti ku òun nìkan ní gbangba. Bí orúnkún Màmá kò bá jẹ́ kó kúnlẹ̀, kó jókòó sórí àga tó jìnnà sí fèrèsé àti sí kọ́bọ́ọ̀dù àwo, kó tẹ̀ síwájú, kó sì fi apá méjèèjì bo orí àti ọrùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ibùsùn, ẹ má dìde. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí bo orí, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibí yìí ló máa ṣòro jù fún yín, nítorí pé kò sí abiyamọ tó máa gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ nínú yàrá kejì tó máa dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó la ojú oorun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mímì náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹsẹ̀ yín tí kò ní bàtà sì lè ti gba orí gíláàsì kọjá. Nítorí náà, ẹ bá gbogbo ará ilé ṣe àdéhùn ṣáájú pé ẹni tó bá sún mọ́ ọmọ jù ló ni ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá ló ni ín.

Ẹ ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ẹnu ọ̀nà ni kí èèyàn dúró sí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, láti ìgbà tí ilé bíríkì amọ̀ máa ń wó ní California tó jẹ́ pé férémù ilẹ̀kùn nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù lóòró. Ẹnu ọ̀nà ilé òde òní kò lágbára ju ibòmíràn lọ, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ sì lè gbá yín lójú. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń yí kiri lórí WhatsApp fún ìgbà pípẹ́, tó ní kí ẹ má wọ abẹ́ tábìlì rárá, kí ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tàbí àga ńlá, kí àlàfo onígun mẹ́ta lè wà fún yín bí òrùlé bá já. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbàlà ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ léraléra pé kò bá irú ilé tí ẹ ń gbé mu. Bó bá tún dé sórí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti dákẹ́, ẹ wọ bàtà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹ fi imú gbọ́ bóyá òórùn gáàsì ń jáde. Bó bá ń jáde, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má ṣá ìṣáná, ẹ ṣí fèrèsé tó bá wà lọ́nà yín, kí ẹ sì jáde jẹ́jẹ́ gba orí àtẹ̀gùn, kí ẹ má gba inú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìgbà náà ni jíjáde tó bọ́ sí àkókò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí dípò kí ẹ pè wọ́n, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dí nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dúró de ìkìlọ̀ orí fóònù kí ẹ tó ṣe ohun tó yẹ: ètò tó ń fún àwọn ará California, Oregon àti Washington ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí mímì tó dé ọ̀dọ̀ wọn kò tíì dé apá ọ̀dọ̀ yín ní ọdún náà, ìkéde tí ẹ rí gbà sì dé lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti ń rojọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì, èyí tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bi mí jù. Àwọn àgbà wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ìbẹ̀rù yẹn náà ni mo sì rí nínú lẹ́tà yín. Nínú ọ̀ràn ilẹ̀ tó ń mì, ohun tó sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀fà kì í tó ẹ̀fà. Bí a bá kó ìmìtìtì ilẹ̀ 20 jọ, bí ẹyọ kan péré ni èyí tó jù ú lọ máa ń tẹ̀ lé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn yòókù, kéékèèké ni yóò máa tẹ̀ lé wọn, tí yóò sì máa jìnnà síra bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ẹ rí i fúnra yín: nígbà tó ń lọ sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ tún mì, 3.8 ni, ìyẹn gan-an ló sì tóbi jù nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. N kò sọ pé ẹyọ kan nínú ogún kò sí. Torí tirẹ̀ ni a ṣe ń sọ pé kí ẹ ṣọ́ra fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má gbé ohun tó ti fẹ́ já padà sórí pẹpẹ.

Èyí tí àwọn kan fi ń tu ara wọn nínú, pé kékeré ti gbé ti ńlá lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ náà. Ìwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ kì í gòkè bí a ṣe ń ka owó. Láti 4 sí 5, gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, agbára tó tú jáde sì di nǹkan bí ìlọ́po 32. Láti 4.8 tiyín sí 6.8, agbára náà ti di ìlọ́po 1,000. Ẹgbẹ̀rún kan irú èyí tó lé yín jáde ni yóò ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń retí rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ fi ṣíbí gbọ́n kànga gbẹ. Kékeré kò gba ti ńlá kúrò, kò sì sábà ń pè é wá.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ìwọ̀n yẹn kì í ṣe bí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́ ọ. Bí onílù bá lu bàtá láàárín ọjà, lílù kan náà ni, àmọ́ ẹni tó dúró tì í yóò di etí, ẹni tó wà ní òpin àdúgbò yóò sì máa béèrè pé ṣé ẹ gbọ́ nǹkan. Ìwọ̀n agbára ni ọwọ́ onílù. Bí a ṣe gbọ́ ọ dá lé ibi tí a wà, àti irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wa. Ilẹ̀ rírọ̀ tí wọ́n dà síbi àbàtà máa ń gbọ̀n ju àpáta líle lọ, bí ògì tó dì sínú abọ́ ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí a bá fọwọ́ gbá tábìlì. Ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àpáta ti pẹ́, ó ti tutù, ó sì le, ìgbì kì í tètè kú nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 4.8 tí ì bá kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àdúgbò ní California mú kí ènìyàn tó lé ní 180,000 kọ̀wé sí USGS, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé àwọn gbọ́ ọ.

Kí ló ń mi àpáta tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìlú yín ni wọ́n fi sọ orúkọ ibi tí ìdáhùn náà wà. Ó lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn tí Àríwá Amẹ́ríkà àti Áfíríkà, tó ti jẹ́ ilẹ̀ kan náà rí, bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya. Ibi tí ilẹ̀ ti fà tó sì jìn wọlẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ yín ni àwọn onímọ̀ àpáta ń pè ní Newark Basin. Òkun Àtìláńtíìkì ló padà gba àárín, àmọ́ ojú àwọn ibi tí àpáta ti sán nígbà náà kò jinná tán. Ara ilẹ̀ ṣì ń ti wọn díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ọ̀kan á yẹ̀. Mo ní ẹnikẹ́ni kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kó yé yín: títí di òní, kò sí onímọ̀ kan tó tíì dá ọjọ́ àti ibi fún ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan kó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún yín, ì báà wọ aṣọ funfun, ì báà wọ kóòtù, ẹ má torí rẹ̀ sùn síta.

Nípa ti Ṣakí, Màmá kò purọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2016, ilẹ̀ mì níbẹ̀, ó sì kó ìpayà bá àwọn ará ìlú. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fẹ́ràn láti máa sọ pé Ọlọ́run kò fi irú rẹ̀ jìyà wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2000, ó tún mi Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀yọ́ àti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, apá Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin ló ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Mpape ní Abuja sá jáde nínú ilé wọn. Àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí ojú ibi tí àpáta ti sán ní Ìfẹ́wàrà, àti sí àwọn ojú sísán gígùn tó wà nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì tí wọ́n kọjú sí etíkun wa. Gbogbo ìwọ̀nyí kéré. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó ní ńlá kò lè ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ ọ́, torí pé Accra rí i ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ 6.5, ènìyàn tó lé ní 15 ló kú, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Orílẹ̀-èdè Guinea náà rí i ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn nínú àwọn ilé tí kò ní irin kankan nínú.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló mú kí ìmọ̀ràn Màmá yàtọ̀ sí tiyín. Bó bá jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi òpó kọnkéré àti irin gbé dúró ni Màmá ń gbé, ohun tí mo sọ fún yín ni mo sọ fún un: kó má sáré, kó jókòó, kó bo orí. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ àtijọ́, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tó wúwo, tí kò sì ní òpó, ti ibẹ̀ yàtọ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Bí Màmá bá wà nísàlẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí gbangba sì wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan, kó jáde kíá, kó sì rìn dé àárín àgbàlá kó tó dúró. Bó bá wà ní yàrá ẹ̀yìn tó jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, kó má dán an wò. Kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó lágbára, kó sì bo orí. A dúpẹ́ pé òrùlé páànù fúyẹ́, kì í pani bí òrùlé kọnkéré. Kí ẹ tó sọ ọ̀kan nínú méjèèjì fún un, ẹ ní kí ẹnì kan ya fọ́tò ilé náà sí yín, nínú àti lóde, torí pé ilé púpọ̀ wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ amọ̀ ní inú tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lóde, tí ojú kì í tètè mọ̀.

Ẹ fi ojú wo ìta náà nínú fọ́tò yẹn. Ògiri ọgbà gíga tí kò ní òpó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ ni táǹkì omi tí wọ́n gbé ka orí irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá kún, ó tó tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó sì dojú kọ ni kí Màmá má ṣe sá gbà. Nínú yàrá rẹ̀, ẹ wo òkè orí ibùsùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé fọ́tò ńlá Bàbá wà níbẹ̀, nínú férémù onígíláàsì, lórí ìṣó kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ògiri tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n kó àpótí àti báàgì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi ìṣó àti irin pẹlẹbẹ de kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi okùn so sílíńdà gáàsì mọ́ nǹkan tí kò lè ṣubú, kí ọ̀pá rẹ̀ má bàa já. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún káfíńtà, ó sì wúlò bí ilẹ̀ kò bá tilẹ̀ mì mọ́ láéláé, torí pé ọmọdé máa ń gun kọ́bọ́ọ̀dù. Kí bàtà àti tọ́ọ̀ṣì máa wà nísàlẹ̀ ibùsùn rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ó bá sì tún gbọ́ ọ, kó sọ àkókò tó gbọ́ ọ fún yín, kí ẹ bá a kọ ọ́ sí ojú ewé USGS, torí pé wọ́n ń gba ìròyìn láti ibi gbogbo láyé, ẹ̀rọ tó ń wọn irú nǹkan báyìí kò sì tíì pọ̀ tó lọ́dọ̀ wa.

Ẹ kò béèrè nípa ọmọ, ṣùgbọ́n òun ló máa kọ́ ọ kíákíá jù nínú ilé yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ilé wíwó dẹ́rù bà á. Ẹ sọ fún un pé ìjàpá ni yóò ṣe: bí ìjàpá bá rí ohun tí kò yé e, kì í sáré, ṣe ló ń fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Igbá tirẹ̀ ni abẹ́ tábìlì. Ẹ pariwo pé “Ìjàpá dà?”, kí ó wọlé, kí ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, kí ó ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún kó tó yọ orí. Màmá náà lè máa bá a ṣe é lórí fóònù láti Ṣakí, lórí àga rẹ̀, kó tẹ̀ síwájú kó sì fi apá bo orí, kí àwọn méjèèjì jọ máa kà á.